Ẹ Dá Ìwé Ní Àjọ: Bí Ẹ Ṣe Lè Ka Ìwé Yorùbá Láti Oṣù Kìíní Dé Oṣù Kejìlá

Ní ọjọ́ kìíní ọdún kan, mo jẹ ìrẹsì yó, mo fẹ̀yìn ti àga, mo sì tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù mi pé ìwé 52 ni màá kà kí ọdún náà tó parí, ẹyọ kan lọ́sẹ̀. Mo fi han àwọn ọ̀rẹ́ mi, wọ́n kí mi kú oríire bí ẹni pé mo ti kà á tán. Nígbà tí oṣù kẹta fi máa parí, mẹ́fà péré ni mo tíì kà. Ìkeje, ṣe ni mo kàn ń ṣí ojú ewé rẹ̀ kí n lè kà á mọ́ èyí tí mo ti kà. Bí ẹ bá bi mí lónìí pé kí ló wà nínú rẹ̀, n ò lè sọ ju àwọ̀ èèpo rẹ̀ lọ. Ní oṣù kẹrin, mo pa gbogbo rẹ̀ tì.

Ìyá ẹlẹ́wà tó ń tajà ní ìkóríta àdúgbò wa ló kọ́ mi ní ọgbọ́n tí mo ń lò báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀ pé òun kọ́ mi ní nǹkan kan. Láràárọ̀, alájọ á gba iwájú ìkòkò ẹ̀wà rẹ̀ kọjá. Ìyá á fi ọwọ́ tó kún fún epo na owó sí i, alájọ á fi bírò fa ìlà sínú àpótí kan lára káàdì, ó parí. Ọjọ́ tí òjò bá ba ọjà jẹ́, ìyá á ṣì wá nǹkan fi sílẹ̀. Tí oṣù bá parí, owó tí kò lè rí kó jọ lẹ́ẹ̀kan á bọ́ sí i lọ́wọ́. Mo wá ní ó dáa, èmi náà á dá ìwé ní àjọ. Ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀, ìwé 11 ni mo kà láti èèpo dé èèpo, Yorùbá ni gbogbo wọn, mo sì lè sọ ìtàn ọ̀kọ̀ọ̀kan fún yín lálẹ́ òní. Bí mo ṣe ṣe é nìyí.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ ń wá

Ẹni tó bá ní "mo fẹ́ ka ìwé 12" ti sọ iye, kò tíì sọ ohun tó fẹ́. Iye kì í fa ènìyàn jìnnà. Tó bá di oṣù kẹfà tí owó ilé-ìwé ọmọ ń lé yín bọ̀, ìtàn tí ẹ fẹ́ mọ òpin rẹ̀ ni yóò mú yín padà sídìí ìwé. Nítorí náà, ẹ wá okùn kan tí ẹ máa so ìwé ọdún náà pọ̀ mọ́.

Okùn tó rọrùn jù ni ìwé ìtàn àròsọ márààrún tí D. O. Fágúnwà kọ. Ẹ tò wọ́n bí wọ́n ṣe jáde: Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ (1938), Igbó Olódùmarè àti Ìrèké Oníbùdó (1949), Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje (1954), Àdììtú Olódùmarè (1961). Ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní oṣù méjì, oṣù mẹ́wàá ti lọ nìyẹn, ẹ ṣì ní oṣù méjì tí ẹ lè fi sinmi. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti ka ti àkọ́kọ́ níléèwé nítorí ìdánwò, a ò mọ̀ pé àwọn yòókù wà.

Àmọ́ tó bá ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí ẹ ti fọwọ́ kan ìwé Yorùbá, mi ò ní ní kí ẹ ti inú igbó Fágúnwà bẹ̀rẹ̀. Gbólóhùn rẹ̀ gùn, ó sì fẹ́ràn kó máa wàásù. Ọ̀dọ̀ Ọládẹ̀jọ Òkédìjí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀: Àjà Ló Lẹrù (1969) àti Àgbàlagbà Akàn (1971). Ìtàn ọ̀daràn àti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni méjèèjì, Lápàdé kan náà ló sì ń lé àwọn ọ̀daràn kiri nínú wọn. Ìwé tí ń gbé ni ní ọrùn ni. Èmi gbàgbé ọbẹ̀ lórí iná nítorí rẹ̀, a sì jẹ ọbẹ̀ náà bẹ́ẹ̀.

Okùn kẹta wà fún ẹni tó fẹ́ràn ìtàn ìlú. Ẹ mú eré onítàn méjì: Ẹfúnṣetán Aníwúrà tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ (1970) àti Baṣọ̀run Gáà ti Adébáyọ̀ Fálétí (1972). Ẹ wá fi wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ìtàn àwọn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson ti Ọ̀yọ́ kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ó parí rẹ̀ ní 1897, kò jáde títí di 1921, ogún ọdún lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ ti kú. Ìwé tó kọ́kọ́ kọ sọnù lọ́wọ́ àwọn tí ì bá tẹ̀ ẹ́, àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló ti inú àkọsílẹ̀ tó kù tún un kọ. Ó lé ní ojú ewé 600, ẹ má wulẹ̀ gbìyànjú láti kà á tán lọ́dún yẹn. Ibi tó ti sọ̀rọ̀ Gáà àti Aláàfin Abíọ́dún, àti ibi tó ti sọ̀rọ̀ Ẹfúnṣetán, Ìyálóde Ìbàdàn tó kú ní 1874, ni kí ẹ kà. Ẹ ó rí i pé òǹkọ̀wé eré àti òpìtàn kì í fi ojú kan náà wo ènìyàn kan. Ìyẹn nìkan tó láti fi ọdún kan rò.

Ẹ lè ka ìwé kan bí wọ́n ṣe kà á nígbà tó kọ́kọ́ jáde náà. Ìtàn Sẹ̀gilọlá tí Isaac Thomas kọ, bí lẹ́tà ló ń jáde nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó láti 1929 sí 1930, àwọn òǹkàwé kan sì gbà pé ènìyàn gidi ni obìnrin tó ń kọ lẹ́tà yẹn. Karin Barber tún un tẹ̀ jáde ní 2012 pẹ̀lú ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ máa ka lẹ́tà kan lọ́sẹ̀, kí ẹ sì pa á dé. Ẹ ó mọ ohun tí ojú àwọn ará Èkó ìgbà náà rí bí wọ́n ṣe ń dúró de èyí tó kàn.

Àwọn kan máa ń ní kí ènìyàn ka ìwé tí èèpo rẹ̀ pupa, ìwé tí orúkọ ẹranko wà lára àkọlé rẹ̀, ìwé tí òǹkọ̀wé rẹ̀ fi lẹ́tà báyìí bẹ̀rẹ̀ orúkọ. Eré ni, kò burú. Lójú tèmi, ó dà bí ẹni tó ń ra aṣọ nítorí bọ́tìnnì.

Ẹ wọn ara yín kí ẹ tó ṣèlérí

Ẹ mú aago. Ẹ fi ìṣẹ́jú 20 ka ìwé Yorùbá kan, ẹ ka iye ojú ewé tí ẹ dé. Ẹ ṣe é fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ mú èyí tó kéré jù lọ. Iye yẹn ni owó àjọ yín.

Tèmi jẹ́ márùn-ún. Ojú tì mí díẹ̀, torí mo máa ń ka ojú ewé 14 ní Gẹ̀ẹ́sì láàárín ìgbà kan náà. Àmọ́ kí là ń retí? Láti àárọ̀ títí di ìgbà tí wọ́n bá lu aago ìparí ni wọ́n fi ń kọ́ wa ní Gẹ̀ẹ́sì níléèwé, Yorùbá ń yọjú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ bí àlejò. Ojú wa ni kò mọ ọ̀nà náà, kì í ṣe pé orí wa kú. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹrin, ìṣẹ́jú 20 yẹn ti ń gbé mi dé ojú ewé mẹ́sàn-án.

Ẹ má sì fojú di márùn-ún. Ojú ewé márùn-ún ní ọ̀nà 365 jẹ́ 1,825. Bí ìwé kan bá ní ojú ewé 150, ìwé 12 nìyẹn, ó tún ṣẹ́ kù.

Ẹ ya káàdì

Káàdì alájọ ní àpótí 31. Ẹ gé páálí, ẹ fi rúlà ya àpótí 31 sí i, ẹ kọ orúkọ oṣù sókè. Inú ìwé tí ẹ ń kà lọ́wọ́ ni kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí, kó jẹ́ òun náà ni yóò máa fi ibi tí ẹ dé hàn yín. Òfin rẹ̀ kò pọ̀.

Ìlà kan fún ọjọ́ kan. Ẹ má kọ iye ojú ewé. Bí ẹ bá ka ojú ewé kan ṣoṣo nítorí pé ara yín kò yá, ìlà ni. Bí ẹ bá ka 40, ìlà kan náà ni, ẹ ò lè fi rọ́pò ọjọ́ mìíràn. Èyí ló ń gba ènìyàn lọ́wọ́ àrùn kí a má fọwọ́ kan ìwé láti ọjọ́ Ajé, kí a wá fẹ́ jẹ ẹ́ run lọ́jọ́ Àìkú.

Àpótí tó ṣófo, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má fún un ní ìlà irọ́, ẹ má sì gbìyànjú láti san gbèsè rẹ̀. Ẹni tó bá jẹ alájọ ní ọjọ́ mẹ́wàá tó wá fẹ́ san án pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀yìnkùlé ló máa ń gbà sá lọ.

Alájọ máa ń yọ owó ọjọ́ kan lóṣù gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ yọ ọjọ́ kan sílẹ̀. Mo máa ń kọ "A" sínú àpótí yẹn, mi ò ní kàwé lọ́jọ́ náà, ọkàn mi ò sì ní dá mi lẹ́bi.

Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun kò nílò káàdì, pé orí òun pé, mo kí i. Alájọ Ṣómólù nìkan ni wọ́n sọ pé kì í kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ tí kì í sì í ṣi owó san. Àwa yòókù, ẹ jẹ́ ká kọ ọ́.

Ìwé rírà

Ìwé mẹ́ta péré ni kí ẹ rà lẹ́ẹ̀kan. Òkìtì ìwé 12 lórí tábìlì dà bí aṣọ tí a kò tíì fọ̀. Bí ẹ bá rí i, ẹ̀yìn ni ẹ máa kọ sí i.

Ìgbà tó dára jù láti wá ìwé Yorùbá ni oṣù kẹjọ sí oṣù kẹsàn-án, nígbà tí ilé-ìwé fẹ́ wọlé. Àwọn ìwé lítíréṣọ̀ tí WAEC àti NECO bá yàn máa ń pọ̀ nígbà yẹn. Ní Dùgbẹ̀ n'Ìbàdàn, ọmọkùnrin tó ń tàwé bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, SS mélòó lọmọ yín wà?" Mo ní èmi ni mo fẹ́ kà á. Ó wò mí lókè, ó wò mí nílẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin gan-an?" Ó bọ́ sẹ́yìn ìsọ̀, ó sì gbé páálí ìwé àtijọ́ kan jáde tí kò kọ́kọ́ fi hàn mí. Ẹ má ṣe gbàgbé láti sọ pé ẹ̀yin lẹ fẹ́ kà á.

Tó bá jẹ́ ìwé tí wọ́n ti lò ni, kí ẹ tó sanwó, ẹ yẹ nọ́ńbà ojú ewé wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo ra ọ̀kan rí tó fò láti 64 sí 81. Ìwé kì í já ní ewé kọ̀ọ̀kan: bébà ńlá ni wọ́n máa ń tẹ̀, tí wọ́n á ká, ojú ewé 16 sì sábà máa ń wà nínú ìdì kan. Bí ìdì kan bá jábọ́, ìyàwó á wọlé lójú ewé 64, ó ti bí ọmọ lójú ewé 81.

Ẹ̀yin tó wà lókè òkun, ẹni tó ń bọ̀ láti ilé ni kí ẹ bẹ̀. Ìwé méjì kò wúwo tó ẹ̀fọ́ gbígbẹ àti gàrí tí wọ́n ń kó bọ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé ìkàwé SOAS, ilé-ẹ̀kọ́ kan lábẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù, ní ìwé Yorùbá.

Ẹ má bẹ̀rù àkọtọ́ àtijọ́

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń sọ ìwé sílẹ̀. Wọ́n ṣí ìwé Fágúnwà àtijọ́, wọ́n rí "aiye", "enia", "nwọn", "yio", wọ́n ní àwọn ò mọ Yorùbá kà mọ́. Ẹ mọ̀ ọ́n kà. Ní 1974 ni ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tí à ń lò báyìí, ìwé tó jáde ṣáájú ìgbà náà ń lo ti àtijọ́. "Aiye" ni ayé, "enia" ni ènìyàn, "nwọn" ni wọ́n, "yio" ni yóò, "ẹiyẹ" ni ẹyẹ, "obirin" ni obìnrin, "on" ni òun. "Nwọn nlọ" ni wọ́n ń lọ. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá bẹ́ẹ̀ sẹ́yìn káàdì yín. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí, ẹ ò ní wo ẹ̀yìn káàdì mọ́.

Àìsí àmì ohùn ló le jù. Ìwòsàn rẹ̀ kan ṣoṣo ni kí ẹ ka ìwé sókè, kí etí gbọ́ ohun tí ojú ò rí. Tí ẹ bá sì ní àgbà nílé, ẹ kà á sí i létí. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí iná ti lọ, mo gbé àtùpà oníbátìrì sórí àga, mo ń kàwé fún Màmá mi. Mo dé ibi tí wọ́n kọ pé "o gbe ọkọ kọ ejika o si lọ si oko." Mo kà á fàlàlà pé, "Ó gbé ọkọ̀ kọ́ èjìká." Màmá dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọkọ̀ wo? Mólúè ni àbí dáńfó?" Ọkọ́ ni, ọkọ́ tí wọ́n fi ń kọ ebè. A rẹ́rìn-ín títí tí iná fi dé. Láti alẹ́ ọjọ́ yẹn ni Màmá ti ń bèèrè lọ́wọ́ mi, tí mo bá ti ti ilẹ̀kùn géètì tán, pé ìwé dà.

Èyí tún yanjú ọ̀rọ̀ àkókò fún mi. Bí ẹ bá ní ẹ máa kàwé "tí àyè bá yọ," àyè kò ní yọ. Ẹ so ó mọ́ ohun tí ẹ ti ń ṣe lójoojúmọ́ tẹ́lẹ̀: ìgbà tí ẹ bá ti géètì, tàbí lẹ́yìn àdúrà àárọ̀, tàbí ìgbà tí ẹ̀wà bá wà lórí iná. Fóònù, inú yàrá mìíràn. Tó bá jẹ́ orí fóònù gan-an ni ìwé yín wà, ẹ pa dátà.

Ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan tó yín. Ohun mẹ́ta ni mo ń kọ sínú tèmi: ọ̀rọ̀ kan tí n ò mọ̀, òwe kan, àti ènìyàn kan nínú ìtàn náà tí mo bínú sí. Àbúrò mi rí Àjà Ló Lẹrù lọ́wọ́ mi, ó kà á sí "Ajá ló lẹrù", ó ní báwo ni ajá ṣe lè lẹ́rù. Ilé oníṣẹ́mẹ́ǹtì ni wọ́n bí i sí, kò rí àjà tí wọ́n ń kó ẹrù pamọ́ sí rí. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú ìwé àkọsílẹ̀ mi nìyẹn. Tí ọ̀rọ̀ kan bá ṣòro, kí ẹ tó wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ pe àgbàlagbà kan nílé. Ẹ ra káàdì fóònù tó pọ̀ dání o, torí ìdáhùn ọ̀rọ̀ kan lè gba wákàtí kan.

Oṣù tó le, ìwé tó le

Ẹ wo kàlẹ́ńdà nísinsìnyí, kí ẹ fàmì sí oṣù tí ẹ mọ̀ pé yóò le: oṣù ààwẹ̀, oṣù kẹsàn-án owó ilé-ìwé, oṣù kejìlá tí òde pọ̀. Eré onítàn ni kí ẹ fi sí irú oṣù bẹ́ẹ̀. Ó tín-ín-rín, ó sì ṣeé kà pẹ̀lú gbogbo ilé. A pín ipa inú Ẹfúnṣetán Aníwúrà láàárín ara wa lọ́jọ́ Àìkú kan lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ọmọ tó dákẹ́ jù nínú ilé ló ní òun á ṣe Ìyálóde. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í jágbe mọ́ àwọn ẹrú, aládùúgbò kan ilẹ̀kùn, ó ní ta ló ń jà.

Tí ìwé kan bá ti dé ojú ewé 30 tí kò tíì mú yín, ẹ gbé e sílẹ̀, ẹ má bẹ ẹnikẹ́ni. Ìwé kan wà tí mo gbé sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tí mo wá kà tán ní ọjọ́ mẹ́rin lẹ́ẹ̀kẹta. Ìwé kò yí padà, èmi ni mo yí.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn nínú ọdún, ẹ tẹ́ káàdì 12 náà sílẹ̀, kí ẹ wo ibi tí àpótí ti ṣófo. Ìlà 254 ni mo ní lọ́dún àkọ́kọ́. Káàdì oṣù karùn-ún ló burú jù: ìlà méjì péré, torí òkú tí a lọ sin nílé. Mo rò pé mo ti pàdánù oṣù yẹn ni, títí mo fi rí i pé lẹ́yìn káàdì náà ni mo kọ gbogbo oríkì tí àwọn ìyá ilé ń kì lálẹ́ ọjọ́ ìsìnkú sí, ìlà 19, pẹ̀lú bírò kan náà. Mo fún káàdì yẹn ní ìlà mẹ́ta sí i, mo sì kọ oríkì náà sínú ìwé àkọsílẹ̀ lẹ́yìn Lápàdé.